Ìjà Tó Bẹ́ Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Tí A Padà Sí Ṣọ́ọ̀ṣì

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì tí a
                                        ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì padà.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn yá gágá? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, àfi ojú ọ̀tún mi tó wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Má fòyà, n ó sọ bó ṣe jẹ́. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí ó fi rẹ̀ mí, o ò gbé e. Mo mọ̀ pé o kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni láti ilé mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ bí o kò bá tíì kà á tán. Bí o bá lé e, yóò jókòó síta.

Bàbá rẹ jà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ ọ, kí àwọn tó ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bàbá rẹ, Alágogo, tí kì í lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewúrẹ́, òun ló lu Bàbá Ìjọ títí eyín méjì fi yọ lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn náà ti rọlẹ̀, pé a lè máa padà wá jọ́sìn lójúkojú, díẹ̀díẹ̀. Inú wa dùn. Ó ti sú wa kí àlùfáà máa wàásù láti inú fóònù, kí fóònù sì máa gé e lẹ́nu ṣáá nígbà tó bá dé ibi tó dùn. A gbá okùn aláǹtakùn kúrò lójú fèrèsé, a fi ẹfun fa àgbélébùú sórí bẹ́ǹṣì níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí. Èmi ni mo rán ìbòmú fún gbogbo ìjọ. Aṣọ akọrin tó ti gbó ni mo gé, nítorí náà gbogbo wa di akọrin láti imú dé àgbọ̀n. Orin gan-an, wọ́n ní ká máa kọ ọ́ sínú.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi náà, mo dúró ti garawa omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ, bíríkìlà wa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná tó, èyí tí wọ́n máa ń nà sí ènìyàn níwájú orí bí ìbọn. Bàbá rẹ dé, ó wọ kóòtù tó fi gbé ìyá rẹ níyàwó. A rò pé ayọ̀ agogo tó fẹ́ lù ló mú un múra bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìjọ na ẹ̀rọ sí i, ó wò ó, ó mirí. "Ẹ̀gbọ́n, ara yín gbóná. Ẹ padà sílé."

"Ara mi ò gbóná. O ní tí wọ́n bá ti ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, wàá mú mi lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣí i. Ó yá, mú mi lọ."

"Mo ní kẹ́ ẹ padà sílé. Òfin ni."

Ọ̀rẹ́ mi, mo wo ẹ̀rọ yẹn. Kò tilẹ̀ tan! Ojú rẹ̀ dúdú kirimu. Ọkùnrin yìí ń purọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ìbòmú tí mo fọwọ́ ara mi rán sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó lanu, ìfọ́tí olóòyì ti balẹ̀. Ìbòmú fò lọ, ẹ̀rọ já sínú garawa. Bàbá Ìjọ dì í lọ́rùn kóòtù, bàbá rẹ kàn án lórí, ẹ̀jẹ̀ imú bo ẹ̀wù funfun. Wọ́n yí gbirigbiri wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì ń dojú dé. Àwọn tó ti jókòó jìnnà síra wọn, tí wọn kò ti bọ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wá dìrọ̀ mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Mo bọ́ sáàárín wọn, ìgúnpá kan ló bá mi lójú, n kò mọ ti ta ni. Bàbá rẹ ti gun Bàbá Ìjọ láyà, ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ ṣáá: "Níbo lẹ sin ín sí? Níbo lẹ sin ín sí?" Nígbà tí wọ́n fà á kúrò, ẹkún ló ń sun. Ó dùn mí dé ọkàn.

Ohun kan wà tí o kò mọ̀, tí ìtìjú kò jẹ́ kí bàbá rẹ sọ fún ọ. Láàárọ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ nígbà àrùn náà, bàbá rẹ wúkọ́ lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá Ìjọ ní kò gbọdọ̀ wọlé. Bó ṣe fẹ́ já wọlé, Bàbá Ìjọ gbé e ṣánlẹ̀, ó jókòó lé e láyà títí àwọn tó ń sìnkú fi ṣe tán. Ilé mi ló ti wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára. Ó bẹ̀ mí pé kí ọmọ òun má gbọ́ pé wọ́n jókòó lé òun bí àpótí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè sàréè ìyàwó rẹ̀, èsì kan náà ni Bàbá Ìjọ sì ń fún un: itẹ́ òkú wà ní títì, kó dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lánàá, àlùfáà wa tuntun ní kí àwọn méjèèjì wá parí ìjà níwájú ìjọ. Bàbá Ìjọ dìde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kó omi sẹ́nu. Ó ní òun kò mọ sàréè náà. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n sin tẹ̀léra wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, nítorí pé orí àyà bàbá rẹ lòun wà. Nígbà tí ìdílé Onífótò àti ìdílé Tíṣà bi òun léèrè tiwọn, òun kàn na ìka sí èyí tó wá sọ́kàn òun ni. Bàbá rẹ nìkan lòun kò lè purọ́ náà fún, nítorí òun ti rí ojú rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òtítọ́ korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ kó tó jáde a máa pani.

Kò tíì jókòó tí àkọ́bí Onífótò fi la bẹ́ǹṣì mọ́ ọn. Bàbá rẹ kò bá wọn jà. Ó jáde, ó mú ọkọ́ lẹ́yìnkùlé mi, ó gba itẹ́ òkú lọ. Ó ní òun yóò hú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé òun yóò fi èjí dá ìyàwó òun mọ̀. Àwọn ọmọ Onífótò sáré mú àdá. Bàbá rẹ fi ọkọ́ ya àkọ́bí wọn létí, àbúrò rẹ̀ sì ṣá a léjìká. Èmi ni mo dì í mú nígbà tí nọ́ọ̀sì ń rán ojú ọgbẹ́ náà. Ọlọ́pàá wá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn ọmọ Onífótò àti àwọn ọmọ Tíṣà jókòó sórí sàréè pẹ̀lú àdá lórí itan. Bàbá rẹ wà lẹ́yìnkùlé mi, ó ń fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù pọ́n ọkọ́ lórí òkúta. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun fún mi di Ọjọ́bọ̀. Bó bá débẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò pa á. Bí wọn kò bá pa á, yóò pa ẹnì kan.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyá Onírẹsẹ̀ tó ń ta bàtà ní kí n kí ọ.

Wàyí o, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún rèé. Àlùfáà wa àtijọ́ ló gbé fóònù sókè lọ́jọ́ ìsìnkú náà kí o lè máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Àrùn náà mú òun náà lọ. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ìwọ nìkan ló kù tó rí ibi tí wọ́n gbé ìyá wa sí. Nígbà tí o gbé ìpè mi kẹ́yìn, o sọ fún mi pé fídíò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, pé o wò ó ní àwòtúnwò, tí ò ń wá bàbá rẹ nínú rẹ̀, tí o kò rí i, àti pé láé, o kò ní dárí jì í. Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Má wá a. Ilẹ̀ ni kí o wò. Ṣé èyí tó sún mọ́ ògiri ni, àbí ti àárín, àbí ti ìkẹyìn? Kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún awakọ̀, yóò padà dé ní Ọjọ́rú. Bó bá jẹ́ abẹ́ sìmẹ́ńtì tí àwọn ọmọ Tíṣà ti rẹ́ sórí èyí tí wọ́n rò pé tiwọn ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó mọ bí a ó ṣe ja ìyẹn.

Tí o bá wá wò ó tán, gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa. O ó gbọ́ ẹnì kan tó ń kígbe orúkọ ìyá rẹ láti ọ̀ọ́kán. Bàbá rẹ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fi ọ́ sílẹ̀,
Aránṣọ Ẹlẹ́nu-bí-abẹ́rẹ́.