Ẹṣin Tí Ẹ Ní Ó Ń Rẹ́rìn-ín

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Benin níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí, torí orúnkún mi òsì ti ní òun ò bá mi ṣeré ìkúnlẹ̀ mọ́. Mo kí Bọ̀dá mi Mùfútàù, àgbà ilé, ẹni tó sọ mí di àjẹ́ lọ́sàn-án gangan. Mo kí ìyàwó wọn. Mo kí Kọ́lá ọmọ wọn, ẹlẹ́ṣin. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé àtọmọ ilé, ẹni tó dárúkọ mi sí rere àtẹni tó ń fi orúkọ mi jẹun bí ẹ̀pà.

Màámi, ìwé gbangba ni mo kọ o. Mo ti ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Benin tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Ó fẹ́ bá mi tún un ṣe, ó ní ó korò jù. Mo ní ṣé òun ló máa jẹ ẹ́ ni. Nínú ìpàdé ẹbí ni wọ́n ti bú mi, wọ́n sì tún gbé e sórí fóònù gbogbo ẹbí, tí ọmọ àná tí mi ò mọ ojú rẹ̀ fi ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run gba àwọn lọ́wọ́ ìyá Benin. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba ni mo ti ń dáhùn. Bí ẹ bá rí àṣìkọ níbẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́bi. Kíláàsì kejì ni Bàámi ti mú mi kúrò nílé ìwé kí n lè máa gé koríko ẹṣin.

Òjò ń rọ̀ ní Benin bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí. Títì Siluko tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ti di odò, omi rẹ̀ pupa, ọ̀kadà ò sì gbọdọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ mi náà ni mo ṣì ń ṣe, òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni mò ń tà fáwọn télọ̀. Àmọ́ télọ̀ wo ló máa wọ́ omi wá ra síìpù? Ọjọ́ mìíràn wà tí màá ṣí ilẹ̀kùn, màá jókòó, màá ti ilẹ̀kùn. Owó ò wọlé bíi ti ìgbà tí baba àwọn ọmọ wà láàyè tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́mìlì, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo ń jẹun, mi ò sì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ka ìyẹn dáadáa.

Sídí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Sapele Road. Ọmọ Ẹ̀dó ni ọkọ náà, èèyàn dáadáa ni. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Mo ní ẹ wá jẹun, wọ́n á ní “Mama, we don chop.” Mo ní ẹ jókòó tì mí, ọ̀kan á ní òun ń bọ̀, kò ní padà wá. Torí náà, tí fóònù bá dún tí mo rí i pé láti ilé ni, ara mi máa ń yá. Ara mi yá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí fídíò Arẹwà dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí tí ẹ ò mọ̀ wá, ẹṣin ìdílé wa ni Arẹwà. Òun ni wọ́n máa ń gùn lọ kí ọba lọ́jọ́ ọdún. Èmi ni mo máa ń sín ìlẹ̀kẹ̀ iwájú orí rẹ̀ láti Benin, pupa àti funfun, tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún kí ọdún tó dé. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Mo fẹ́ kí nǹkan kan tó ti ọwọ́ mi jáde wà níwájú ọba ni.

Òfin Bàámi ni pé ọmọbìnrin kì í gun ẹṣin ilé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ló ń bọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀yìn ẹṣin ni Bọ̀dá mọ̀. Èmi mọ iwájú, láti ara ẹṣin tó wà nílé ṣáájú Arẹwà. Mo mọ̀ pé tí èèyàn bá ń bá a họ èjìká, ètè òkè rẹ̀ á gùn, á máa jó kiri bíi ti arúgbó tí kò léyín tó ń wá ẹran nínú ọbẹ̀. Ó ń gbádùn nìyẹn. Tó bá pa etí méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, tó wá ń fi funfun ojú wò ọ́, tètè kó ẹsẹ̀ ẹ kúrò. Èyí tí gbogbo ilé ń pè ní ẹ̀rín, tó máa ń gbé orí sókè, tó máa ń ká ètè òkè sẹ́yìn tí eyín á fi hàn rere, òórùn ló ń wá. Ọjọ́ tí mo bá fi ọwọ́ tó ní kẹrosíìnì fún un ní koríko ló máa ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀yin náà, Màámi, bá ta lọ́fínńdà sára tí ẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á ká ètè sí yín, Bàámi á sì máa yangàn pé ẹṣin òun mọ obìnrin tó dára. Ṣùgbọ́n inú rírun náà máa ń mú un ká ètè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi gbọdọ̀ wo ẹnu rẹ̀ nìkan.

Mi ò sọ pé mo mọ gbogbo rẹ̀ o. Màlámù kan wà tó máa ń mú ẹṣin wá sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó kan níbí kí àwọn ìyàwó lè gùn ún ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ètè ìsàlẹ̀ ẹṣin náà já wálẹ̀ jọ̀bọ̀, ojú rẹ̀ padé díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè. Mo figbe ta pé ẹṣin ń kú lọ. Màlámù ní Màmá, e dey sleep. Mo ní ta ló ń sùn, ṣé bí ẹ ṣe ń pa ẹran yín nìyí. A ń fà á títí ẹṣin fi jí, ó na ọrùn, ó fi eyín já gèlè mi gbà lórí. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Màlámù ní ṣé òkú ló wá já gèlè Màmá báyìí. Ó gbá mi mú níbẹ̀. Mo gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbà.

Ó wá ku fídíò Arẹwà. Kọ́lá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Arẹwà ń rẹ́rìn-ín sáwọn àlejò ọdún. Gbogbo ẹbí ń fi àwòrán ojú ránṣẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ fi tèmi ránṣẹ́. Mo wá wò ó dáadáa. Ètè rẹ̀ ká lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ le bí òkúta. Ihò imú rẹ̀ fún pọ̀. Òkè ojú rẹ̀ kákò bíi ti ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀. Etí kan kọjú sí ọ̀tún, ìkejì kọjú sí òsì, kò gbọ́ ti ẹnì kankan nínú yín. Kí fídíò tó tán, ó yí orí padà wo ẹ̀gbẹ́ ikùn ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan pè é láti ibẹ̀.

Mo pe Bọ̀dá. Mo ní inú ń run Arẹwà, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gùn ún lọ́jọ́ ọdún. Bọ̀dá ní ṣé láti Benin ni mo ti ń gbọ́ kíkùn inú ẹṣin. Bọ̀dá ní ìgbà wo ni mo gun ẹṣin rí. Mo ní ìgbà wo lẹ jẹ́ kí n gùn ún. Bọ̀dá ní ẹṣin ń rẹ́rìn-ín, mo ní ó ń jẹ̀rora. Bọ̀dá ní láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń fi ojú òkú wo gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Inú bí mi, mo wá sọ èyí tí wọ́n gbá mú. Mo ní tí ẹ bá gùn ún, á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Mo sọ ọ́, mi ò ní sẹ́ ẹ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò ní òjò máa rọ̀ ní Benin, ó sì rọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó lọ ká wọn mọ́lé pé àwọn ló ṣe é.

Wọ́n gùn ún. Wọ́n dì í ní gàárì, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mi mọ́ iwájú orí rẹ̀, Kọ́lá fi agbádá tuntun jókòó lé e. Wọ́n fi ìyẹn náà ránṣẹ́, mo sì wò ó. Níwájú ọba gan-an, ẹsẹ̀ iwájú Arẹwà méjèèjì ká, ó kúnlẹ̀. Gbogbo èrò hó yèè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ wo ẹṣin tó mọ ọba, ẹ wo ẹṣin tó ń foríbalẹ̀. Kọ́lá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Ìlú rí ìkíni níbẹ̀. Màámi, ẹṣin tí inú ń run máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ kó yí gbiri. Ó fẹ́ dùbúlẹ̀ ni. Wọ́n fi ìjánu fà á dìde, wọ́n tún ní kó jó. Lọ́jọ́ kejì, ó kú sábẹ́ igi máńgòrò.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí mi. Wọ́n ní ẹnu mi ló pa á. Nígbà tí ẹnu nìkan ò tó wọn, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ni, pé kí ló dé tó fi jẹ́ Benin ni mo ti ń sín in, ta ni kò mọ ohun tó wà ní Benin. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà ní Benin? Omi ló wà níbí. Tí mo bá ní agbára tí wọ́n ní mo ní, ṣé ara ẹṣin ni màá ti dán an wò? Títì Siluko ni màá kọ́kọ́ pàṣẹ fún kó gbẹ. Wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n dáná sun ún. Rọ́bà ni, Màámi. Wọ́n ní nígbà tó ń jó, ó ń rùn gan-an, Bọ̀dá sì sọ fún ìpàdé pé òórùn yẹn ni ẹ̀rí.

Wọ́n wá dájọ́. Kí n wá sílé, kí n kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, kí n tọrọ àforíjì. Tí mi ò bá wá, kí n má fi ẹsẹ̀ tẹ ilé Bàámi mọ́, bóyá mo wà láàyè tàbí mo ti kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹṣin tí ìrora mú kúnlẹ̀, wọ́n tún wá fẹ́ rí èmi náà lórí orúnkún. Bọ̀dá ní ẹ̀yin pàápàá fọwọ́ sí i. Mo béèrè ohun tí ẹ sọ. Wọ́n ní ẹ ò sọ nǹkan kan, pé ẹ kàn jókòó.

Èyí ló jẹ́ kí n tún lọ wo fídíò àkọ́kọ́. Kì í ṣe Arẹwà ni mò ń wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ wà níbẹ̀, Màámi, lẹ́yìn, lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kọ́lá ń rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá fọwọ́ lu itan, àwọn àlejò ń lọ́ bí ejò fún ẹ̀rín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ fún ẹnu yín pọ̀, òkè ojú yín kákò, ikùn ẹṣin lẹ tẹjú mọ́. Mo mọ ojú yẹn. Bàámi kọ́ ló kọ́ mi ní ojú ẹṣin. Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń bọ́ ọ, tí ẹ máa ń rọra ní wo àgbọ̀n rẹ̀, wo òkè ojú rẹ̀, sáré lọ pe bàbá ẹ. Ẹ rí i. Ẹ rí i kí n tó rí i, ẹ ò sì rí i lórí fóònù.

Abẹ́ òrùlé Bọ̀dá lẹ wà, ìyàwó wọn ló ń fi oúnjẹ síwájú yín. Mo mọ̀. Mo gbà pé ẹ ò lè pariwo nígbà tí ilé kún fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, wọ́n pe ọmọ yín ní àjẹ́. Ẹ jókòó, wọ́n sun ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe. Ìyẹn ni mi ò tíì lè gbé mì.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ló máa ka ìwé yìí sí yín létí, torí ẹ ò kàwé. Tó bá ka dé ibí, ẹ ní kó dúró. Kí gbogbo wọn wà níbẹ̀, Bọ̀dá pẹ̀lú. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà rí i pé inú ń run Arẹwà. Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sọ ọ́, kí wọ́n pè mí, màá wọ mọ́tò tó bá kọ́kọ́ kún, màá wá kúnlẹ̀ fún yín, pẹ̀lú orúnkún tí kò gbà yìí, fún ẹ̀yin nìkan. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, mo ti sọ fún Sídí pé Benin ni kí wọ́n sin mí sí. Màmá Síìpù ni wọ́n ń pè mí níbí. Kò tíì sẹ́ni tó pè mí ní àjẹ́ níbí bí wọ́n ṣe ń pè mí nílé.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á jẹ́ kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu yín, á lé ẹsẹ̀ ríro jìnnà sí yín. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará òde, àtàwọn tó ń bọ́ ẹran lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń wá ẹṣin mìíràn rà. Tó bá dé, ẹ bá mi kí òun náà, kí Ọlọ́run fi ẹnì kan sínú ilé yẹn tí yóò máa wo iwájú rẹ̀.

Èmi ni,
Ràfátù ọmọ yín, tó ń gé koríko.