Kí Abẹ́rẹ́ Tó Sùn

Ọjọ́ Àìkú, 26 October 2025

Wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílùú òyìnbó tí òtútù bá ń bọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ìlú wo nìyí?

Mọ́mì gba fóònù mi, nítorí èsì àfojúdi tí mo fún tíṣà Maths. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé bí ará àtijọ́. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ kí Rédíò má baà lè kà á. Rédíò ni Jésùfẹ́mi, àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohunkóhun tó bá gbọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e sí.

Ìyà kejì: láti ọ̀la, èmi ni màá máa mú Ìyá Sójà rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Sójà ni ìyá Mọ́mì. Wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wa ní July, December ni wọ́n máa padà. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa ń fi orin jí gbogbo ilé bí sójà. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn nítorí orúnkún wọn.

Kí ló kàn mí nínú orúnkún?

Ọjọ́ Ajé, 27 October

A rìn. Òtútù. N ò sọ̀rọ̀. Ìyá Sójà ò dákẹ́.

Ọjọ́rú, 29 October

Goresbrook Park. Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé yẹn ń fò kọjá, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyá Sójà dúró gbọn-in. "Ayékòótọ́! Ta ló kùn wọ́n lọ́dà?" Mo rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ni.

A yà sí Heathway ra búrẹ́dì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díńdín — mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é, torí bó ṣe máa ń dúró bí ọkùnrin tó ti sanwó tó ń retí oúnjẹ ẹ̀. Ìyá Sójà kò gbàgbọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Láàárín ọjà! Kò sì sá! Wọ́n bá kí i: "Ẹ kú ìdúró o." Sókè. Níwájú àwọn ọmọ school mi. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Nígbà tí à ń bọ̀ wá sílé ni wọ́n ń sọ ti bàbá wọn, tó jẹ́ ọdẹ. Wọ́n ní kò sí ẹran tí àwọn rí tí àwọn ò mọ orúkọ ẹ̀, àti ọbẹ̀ tó yẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 November

Nǹkan ṣẹlẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé ni, Ìyá Sójà ti wọlé lọ tọ̀. Mo rí nǹkan róbótó tó ń rìn lẹ́bàá ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa, bíi bọ́ọ̀lù tó ní ẹsẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, ó ká jọ. Ẹ̀gún ni gbogbo ara ẹ̀. Ó jọ ọmọ òòrẹ̀, àmọ́ òòrẹ̀ òyìnbó ni, kékeré ni wọ́n máa ń mọ.

Mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

Mo kó ewé gbígbẹ jọ fún un ní kọ̀rọ̀ ọgbà, òkìtì ńlá. Ó wọnú ẹ̀. N ò sọ fún Ìyá Sójà. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn ṣì wà létí mi.

Ọjọ́ Ajé, 3 November

Ìyá Alájá wà ní park — màmá òyìnbó tó ní ajá mẹ́ta, tó ń pe gbogbo ayé ní darling. Ìyá Sójà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo yọ́ lọ bá màmá yẹn, mo bi í léèrè. Ó ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń sùn láti ìgbà òtútù títí di March, kò ní jẹ, kò ní mu. Ọ̀rá ara ẹ̀ ló máa fi gbé e. Tí kò bá tó 600 gíráàmù kó tó sùn, kò ní jí.

Kò ní jí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ajá ń fa ọwọ́ ẹ̀.

Ó ní kí n má fún un ní mílíìkì, ó lè pa á. Ẹran inú agolo tí wọ́n ń fún ológbò, àti omi. Mo fi owó oúnjẹ ọ̀sán mi ra agolo méjì. Mo fi aṣọ ìnura gbé Abẹ́rẹ́ sórí òṣùwọ̀n tí Mọ́mì fi ń wọn ìyẹ̀fun puff-puff.

390.

(Mo fọ òṣùwọ̀n náà. Ẹ̀ẹ̀mejì.)

Ọjọ́rú, 5 November

Wọ́n ń yin fireworks, báńgà òyìnbó, káàkiri àdúgbò. Abẹ́rẹ́ kò jáde. Ìyá Sójà ń bá Sátánì wí ní yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 November

425!!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 November



Mo ti school dé, ẹ̀yìnkùlé wa mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kò sí ewé kan. Ìyá Sójà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ̀ tí wọ́n gbé nínú àpótí wá láti ilé wà lọ́wọ́ wọn, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àgbàlá tí ewé kún bẹ́ẹ̀, àbùkù obìnrin ilé ni, kí ẹnikẹ́ni má wo ọmọ àwọn bí ọ̀bùn. "O ò kí mi kú iṣẹ́?"

Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ti pa á!" Sí ìyá ìyá mi. Wọ́n ní, "Ta ni mo pa?" Mo sunkún sọ gbogbo ẹ̀.

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn so ìró wọn le, wọ́n ní, "Àpò ewé wà níwájú ìta. Àwọn kólẹ̀kólẹ̀ ò tíì wá kó o." Àpò mẹ́rin. A tú èkíní, kò sí. Èkejì, kò sí. Òjò ń ṣẹ́. Mo ń fi ọwọ́ rú ewé, orúnkún wọn wà nílẹ̀ nínú omi. Inú ẹ̀kẹrin ló wà. Ó ká jọ. Ó tutù bí òkúta.

Wọ́n fi ìborùn orí wọn wé e, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

Wọ́n ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Ẹ máa fi se ọbẹ̀."

Wọ́n fa ìborùn náà bò ó dáadáa. "Moṣọpẹ́. Mo lè jẹ òòrẹ̀. N kì í jẹ àlejò."

Ọjọ́rú, 12 November

370. Kò jẹun. Inú páálí ló wà, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé, pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná tí Ìyá Àgbà (Ìyá Sójà ti tán lẹ́nu mi) fi aṣọ wé. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé — wákàtí méjìlá ló fi ń tọ́jú àwọn arúgbó — ó ní: "Ilé tí lánlọ́ọ̀dù ò ti gba ológbò, ẹ gbé ẹran igbó wọ̀ ọ́?" Ó fún wa di ọjọ́ Àìkú ká gbé e jáde.

Ẹbi mi ni. Ká ní mo ti lanu sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 November

Kò jẹ. A ò lọ rìn. Ìyá Àgbà gbé àga ti páálí, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo lọ jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 16 November

Ọlọ́run ọba. Ojú tì mí dé eegun.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní River Road, lórí òkè ilé ìkẹ́rùsí. Gbogbo wa wọ sùtánà, a bọ́ bàtà, ilẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ó kan ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún ló ń kà wọ́n bó ṣe máa ń ṣe, orúkọ ẹni pẹ̀lú orúkọ ìyá ẹ̀. Ó ka ẹ̀bẹ̀ físà fún Adéyanjú. Iṣẹ́ fún Karimot. Ó bá ní: "Abẹ́rẹ́ ọmọ Moṣọpẹ́. Kò tíì dàgbà. Ó di ọjọ́ márùn-ún tí kò ti fẹnu kan oúnjẹ. Ẹ bá wa bẹ Olúwa."

Ọrùn Mọ́mì yí díẹ̀díẹ̀ bíi ti òwìwí. Sístà Ọláníkẹ́ wo ikùn mi. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Yéè! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Òmíràn ní, "Ta ni bàbá ẹ̀?"

Ìyá Àgbà di ojú, wọ́n ń ṣe àmín. Àwọn ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà.

Rédíò ló gbà mí. Ó fò dìde: "It's a hedgehog! Ó ní prickles!" Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín títí agogo fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún yẹ ìwé náà wò, ó nu ojú, ó ní ohun tí a ti kà níwájú pẹpẹ, a ti kà á, ṣebí Ẹlẹ́dàá ló dá òun náà. Wọ́n gbàdúrà sí i. Lóòótọ́. Hòsánà mẹ́ta.

A délé, Mọ́mì kò tíì bọ́ kóòtù, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú páálí. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo sọ mí di ìyá àgbà?" Ẹ̀rín bá gbé e. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ó tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Aago mẹ́fà, Ìyá Àgbà mú kí ẹran inú agolo lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n gbé e síwájú Abẹ́rẹ́. A gbọ́ ọ. Tẹ-tẹ-tẹ. Eyín kékeré.

N ò sọ pé àdúrà ni. N ò sọ pé kì í ṣe àdúrà.

Ọjọ́bọ̀, 20 November

440. Mọ́mì ò rántí pé ọjọ́ Àìkú ti kọjá. A ò rán an létí.

Ọjọ́ Ajé, 24 November

A ti padà sẹ́nu ìrìn wa, Mọ́mì náà tẹ̀ lé wa lónìí torí kò lọ síbi iṣẹ́. Àdán méjì péré ló kù lórí odò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ri nǹkan mọ́lẹ̀, ó ń wẹ̀yìn bí olè. Ìyá Àgbà ní oṣù wo ni Abẹ́rẹ́ máa jí. Mo ní March. Wọ́n fi ìka kà á. "Màá ti wà nílé." Wọ́n ń rìn lọ. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ó pè mí, kẹ́ ẹ fi í hàn mí."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ilẹ̀ ń yọ̀, ìdí nìyẹn.

(Kì í ṣe ìdí nìyẹn.)

Ọjọ́ Ẹtì, 28 November

548. Ó ti bu Rédíò jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 December

611!!! Mọ́mì ló ka nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀. Ó ní ká tún un gbé. 611. Ìyá Àgbà ní, "Ẹgbẹ̀ta àti èènì!" wọ́n jó láti kíṣìnì dé ẹnu ọ̀nà, orúnkún ò dùn wọ́n.

Ìyá Alájá gbé àpótí onígi kan wá, tó ní ilẹ̀kùn kótópó. A tì í mọ́ ọgbà, a kó koríko gbígbẹ sí iwájú ẹ̀. Mo gbé Abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó gbóòórùn bàtà Mọ́mì, ó wọlé. Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 4 December

Kò jẹ oúnjẹ àná. Yìnyín wà lórí omi ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 December

Oúnjẹ ọjọ́ kẹta wà bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ pé ó ti kú síbẹ̀ ńkọ́, tí a wá ń retí? Ìyá Àgbà ní dídúró ò ṣe nǹkan, ká lọ wò ó. Aago mẹ́rin ààbọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Koríko tí a kó síwájú àpótí kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú ilẹ̀kùn ló wà. Ó ti fi ẹnu wọ́ ọ wọlé níkọ̀ọ̀kan, ó dí i pinpin láti inú, débi pé ìka mi kò lè wọ̀ ọ́. Òkú kì í tilẹ̀kùn.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Mo ní kí wọ́n dìde. Wọ́n fi ẹnu sún mọ́ koríko náà, wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ:

"Ó dàárọ̀ o."