Ẹṣin Tí Ẹ Ò Kọ Ilà Fún

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ràn ìwé kíkà bí kò bá ti jẹ́ àkọlé ara mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí mo sì fà á ya, torí pé tí mo bá ti dé ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ kí n fọwọ́ sí, mi ò mọ ohun tí mo lè pe ara mi. Ẹ ó rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Màámi wà. Orúnkún ló ń dà á láàmú, pàápàá láàárọ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfútáù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Dópẹmú báyìí, ó ń kun mọ́tò bíi tiyín, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Kì í jẹ́ kí ọ̀dà àkọ́kọ́ gbẹ kó tó da èkejì lé e, tó bá wá bó tán, yóò máa bínú sí oòrùn. Èmi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Akọ̀wọ́njó. Ilé yín ní Ẹ̀gbẹ́dá kò jò mọ́, a ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ọgbà ìṣeré etí òkun. Ibẹ̀ náà ni, níbi tí ẹ ti máa ń lọ kun àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po tí Iléyá bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ibẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ìròyìn orí rédíò pé òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, àti pé katapílà máa wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àwọn ará àdúgbò ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọgbà náà ti gbó jù. Èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde. Lọ́jọ́ fidáù yín, nígbà tí àwọn àlùfáà ti jẹun tán, Ìyá Rafíù, àbúrò yín obìnrin, wò mí lójú níwájú gbogbo èèyàn.

"Bọ̀ọ̀dá mi kọ ilà fún Múfútáù. Kí ló wá dé tí kò kọ fún eléyìí? Àbí ó lóhun tó mọ̀ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màámi kó àwo jọ, ó wọlé lọ. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. Ó ní kí n lọ bi ẹni tó ṣe é. Ẹ ẹ̀ rí i bí, ẹni tó ṣe é ti wọlẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, Bàbá. Ó dùn mí gan-an. Mo máa ń dúró níwájú dígí, kí n máa wá imú yín lójú mi, kí n máa wá etí yín. Etí yẹn jọ ọ́ díẹ̀. Ṣé etí nìkan tó?

Ìgbà tí mo gbọ́ ìròyìn rédíò yẹn ni mo rántí pé ó ṣì ku àwọn tí mo lè bi. Ẹṣin méjìlá ni wọ́n. Òkè òkun ni wọ́n ti kó wọn wá, ojú wọn sì ń dán, àfìgbà tí ẹ̀yin gbé búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ kọ àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, irú tiyín gẹ́lẹ́. Ẹ máa ń sọ fún wa pé ọ̀gá ọgbà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé àwọn ẹṣin òun ti di ará Ọ̀yọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ò kọ ọ́ fún, ẹṣin funfun tó ní gàárì búlúù. Orí ẹ̀ náà ni ẹ sì máa ń gbé mi lé lọ́dọọdún. Mo máa ń sunkún pé èyí tó nílà ni mo fẹ́ gùn bíi ti àwọn ọmọ yòókù, ẹ ó sì yọ ẹ̀pà nínú àpò àyà ẹ̀wù yín láti fi bẹ̀ mí. Lẹ́yìn fidáù ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá èmi àti ẹṣin yẹn la jọ jẹ́ àjèjì lọ́dọ̀ yín.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀, ọkàn mi bàjẹ́. Òkun ti jẹ ilẹ̀ wọlé débi tí wọ́n ti máa ń ta gúgúrú. Àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí èèyàn lọ sókè ti dúró gbagidi, koríko ti yọ nínú àwọn àga ẹ̀. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára gbogbo nǹkan tí wọ́n fẹ́ wó, ara ògiri, ara ilé tíkẹ́ẹ̀tì, títí kan ilé ìyàgbẹ́.

Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Gétì nígbà náà. Wọn ò dá mi mọ̀, wọ́n kàn ní kí n má pẹ́ jù. Mo lọ tààrà sídìí àwọn ẹṣin, mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀, mo gun orí pákó. Ohùn Bàbá Gétì ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.

"Háà! Ìwọ ni ọmọ peńtà! Òun nìkan ló máa ń bọ́ bàtà níbí yìí, bí ẹni ń wọ mọ́sáláásí."

Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo bọ́ ọ, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé èèyàn kì í fi bàtà tẹ ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kùn.

Mo wá rí ẹṣin mi. Ìlà pupa yẹn wà lójú ẹ̀, gbàǹgbà, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Inú bí mi. Nínú gbogbo ara ẹṣin, ṣé ojú ni wọ́n máa fi ọ̀dà bà jẹ́? Mo bi Bàbá Gétì bóyá wọ́n ní tínà tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò. Wọ́n ní agolo kan ṣì wà ní sítọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín dé pa. Mo ti àkísà bọ̀ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, láti òkè wá sísàlẹ̀. Pupa kúrò. Funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ funfun yẹn ni mo ti rí nǹkan dúdú kan. Mo rọra nu síbẹ̀ sí i. Ìlà méjì ni, ó gún régé, ọwọ́ yín ni. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Mo yíjú sí Bàbá Gétì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni eléyìí?"

Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n fi ìka kàn án.

"Ó pẹ́ o. Ó ti parí mọ́kànlá lọ́jọ́ yẹn, ó ti fa méjì sójú èyí, nígbà tí ẹnì kan sáré dé láti ilé yín pé ìyá ẹ̀ ti ti Ọ̀yọ́ dé pẹ̀lú olóòlà. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kó máa bọ̀ kó wá di orí ọmọ mú. Ló bá jókòó síbi tí o dúró sí yìí. Ó ní òun lòún di orí Múfútáù mú lọ́jọ́sí, pé igbe ẹ̀ ò tíì kúrò létí òun. Ó wo ojú ẹṣin yìí títí. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó kùn ún pa. Ó ní, 'Bàbá Gétì, abẹ ò ní kan ọmọ mi.' Ó sáré jáde, kò tiẹ̀ wọ bàtà jàre! Ọ̀dọ̀ mi ni bàtà ẹ̀ wà di ọjọ́ kejì."

Mo ní kí wọ́n tún ibi kan sọ fún mi. Wọ́n tún un sọ. *Abẹ ò ní kan ọmọ mi.* Mo sunkún níbẹ̀, Bàbá, mi ò lè parọ́.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́? Ṣé ojú ń tì yín ni, pé ọkùnrin bíi tiyín kò lè gbọ́ igbe ìkókó? Kí lẹ sọ fún màmá yín nígbà tí ẹ délé láìwọ bàtà? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń fi àtàǹpàkò pa Bọ̀ọ̀dá Múfútáù lẹ́rẹ̀kẹ́ tó bá ń sùn lọ́sàn-án? Mo rò pé ẹ kàn ń nu itọ́ fún un ni.

Iná ti kúrò lára ẹ̀rọ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá Gétì ní kí n gun ẹṣin mi. Wọ́n fi èjìká ti ọ̀pá àárín, ó ń dún kìrìkìrì, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo rí òkun, mo rí ògiri, mo tún rí òkun. Ẹsẹ̀ mi ti ń kan ilẹ̀, mo ti dàgbà jù fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló yí kó tó rẹ̀ wọ́n. Mo fi ìlà méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò kun nǹkan kan lé e.

Nígbà tí mo délé, Màámi wà níta, ó ń fẹ́ gàrí. Mo tẹ̀ síwájú láti gba atẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dá ọwọ́ mi dúró. Ó gbé e sí imú. Tínà ló ń rùn níbẹ̀. Ó dì í mú, kò fi sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Bàbá ẹ rèé," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

Mo ní ó dá mi lóhùn.

Òní ni Mọ́ńdè. Katapílà á ti wọlé báyìí. Mo jókòó nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ wà níta, mo ń kọ eléyìí sí yín. Mo ti dé ìsàlẹ̀ ìwé náà, mi ò sì fà á ya.

Ó dàárọ̀ o, Bàbá. Mo fẹ́ràn yín gan-an.

Èmi tí abẹ ò kàn,
Ọmọ yín.