Inú Kí Ni Bàbá Boram Ń Gbin Àgbàdo Sí?

Boram ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun, àbí omi gbígbóná lo ṣì ń dà sórí núdù inú ike tí o ń pè ní oúnjẹ alẹ́? Ọ̀run á ṣọ́ ẹ, àwọn bàbá ńlá rẹ tó sùn sórí òkè yìí ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ ní Seoul níbi tí ènìyàn kì í ti í kí ènìyàn. Bí o bá béèrè èmi ìyá rẹ, mo ṣì wà. N kò lè sọ pé mo wà dáadáa, torí irọ́ ni yóò jẹ́, ìwọ náà sì mọ̀ pé n kì í purọ́ fún ẹ àfi lórí ọ̀rọ̀ orúnkún mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbóhùn rẹ báyìí, ẹkún ni, ìwọ náà á ní kí n dúró ná, ọ̀gá rẹ ń pè ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́, bébà ò ní ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo bàbá rẹ ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun lọ́wọ́ mi. O rántí odindi àgbàdo kan tó so kọ́ sábẹ́ òrùlé kó tó kú, àgbàdo dídùn tí bàbá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, tí kò sí lọ́jà, tí kò sí ní ilé ìtajà àgbẹ̀, tí kò sí níbì kankan àfi lábẹ́ òrùlé wa. Òun ni mo fẹ́ gbé sórí tábìlì oúnjẹ tí a máa tẹ́ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe ìrántí ọdún kìíní rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, torí èso píà àti ẹja, owó lè rà wọ́n, èyí kò ṣeé rà. Ìwọ náà mọ òtútù òkè wa yìí, bí ènìyàn bá gbin àgbàdo sóko tààrà, bí ìrì dídì ò bá pa á, ẹyẹlé igbó á hú u jẹ. Inú yàrá la ti máa ń kọ́kọ́ mú un hù, iṣẹ́ bàbá rẹ sì nìyẹn, èmi, oko ni tèmi. Bí ọdún tuntun bá ti lọ tán, á ti ilẹ̀kùn yàrá inú, á ní kí n má wọlé kí n má fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan ṣubú. Nígbà tí oko bá tó wọ̀, á gbé ọmọ àgbàdo jáde fún mi pẹ̀lú ìdì erùpẹ̀ wọn, á ti bọ́ ohun tó gbìn wọ́n sí kúrò, mo kàn máa ń kó wọn lọ sóko ni. N kò bi í rí pé inú kí ni ó ń gbìn wọ́n sí. Ta ló ń bi ọkọ rẹ̀ ní irú ìyẹn?

Mo kọ́kọ́ lo kíréètì ẹyin. Ojú ihò rẹ̀ wù mí, hóró kan, ihò kan, ó sì hù, inú mi ń dùn kiri ilé. Àṣé gbòǹgbò àgbàdo kò dà bíi ti ewébẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń wá, nígbà tí kò rí ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà. Bí mo ṣe ní kí n fà wọ́n, wọ́n já. Àgbàdo tí gbòǹgbò rẹ̀ bá já, ó ti bínú nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá Cheolgu ará ilé òkè wá wò wọ́n, ó ní Ìyá Boram, ṣé o fẹ́ kí adìẹ sàba lé wọn ni. Mo bú u, ó rẹ́rìn-ín lọ.

Mo wá lo ife ike yọ́gọ́ọ̀tì, èyí tí wọ́n ń fún wa nílé àwọn àgbà, mo ti kó o pamọ́ tipẹ́ torí n kì í da ike nù. Ìyẹn jìn dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò dá ihò sí ìdí wọn, torí mo rò pé ohun tí kò jò ló dára. Ọmọ mi, wọ́n jẹrà. Nígbà tí mo da ọ̀kan jáde, òórùn rẹ̀ lé ológbò síta. Ìyá Cheolgu ní ṣé kí òun lọ gbé ṣíbí wá, ó ní ọbẹ̀ lèmi sè. Àmọ́ nígbà tó rí i pé n kò bú u, ó jókòó tì mí, ó ní Cheolgu ọmọ òun sọ pé páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló dára jù, ó gùn, ó là ní òkè ó là ní ìsàlẹ̀, ènìyàn á sì gbìn ín sóko tòun ti páálí, kò sí pé à ń fa gbòǹgbò.

Níbo ni n ó ti rí páálí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èmi nìkan ni mo wà nílé, tíṣù kan ń pẹ́ lọ́wọ́ mi. Má bínú sí mi, Boram. O mọ ìdì tíṣù ńlá tí mo rà pamọ́ láti gbé wá kí ẹ kú ilé tuntun, kí ọ̀nà rẹ lè máa tú gbọrọ bí tíṣù ṣe ń tú? O ò tíì pè mí kí n wá wo ilé náà, o ní yàrá náà kéré, kí n dúró dìgbà tí o bá rí èyí tó tóbi. Mo tú gbogbo rẹ̀. Ilé funfun bí ìgbà yìnyín. Nígbà tí mo tú u tán ni ẹ̀rù tó bà mí, mo ní ṣé kì í ṣe oríire ọmọ mi ni mo tú dànù sílé ara mi báyìí. Mo ti ń ká a padà mọ́ igi tín-ín-rín tí a fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kò rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó wú bí àpò òwú. Mo máa gbé e wá bẹ́ẹ̀, o lè fi ibi tó dọ̀tí nu tábìlì.

Ṣùgbọ́n páálí náà ṣiṣẹ́! Mo tò wọ́n sílẹ̀ ní yàrá inú, wọ́n hù, wọ́n dúró gbọn-in. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí yìí ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé nígbà tí a ṣì ń dá iná igi sábẹ́ yàrá, bàbá rẹ ló máa ń dìde ní ìdájí lọ ti igi sí i, èmi á kàn ṣàdédé rí i pé ilẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹ̀yìn mi, mo máa mọ̀ pé ó ti dìde. Láti ìgbà òtútù yìí, ilẹ̀ ń ṣàdédé gbóná. Kò sí igi, kò sí ẹnikẹ́ni, n kò sì fọwọ́ kan aago kékeré tí o ní kí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn ìsìnkú, èyí tí kì í sọ àsìkò tòótọ́, tí ó máa ń dúró sí ogún sí ọgbọ̀n. Kí lo rò pé mo rò? Mo ní ọkọ mi ti wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí ìrẹsì sí ife kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ abúlé fún un. Mo tilẹ̀ sùn dáadáa.

Ìdájí ọjọ́ kan ni ilẹ̀ gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ mi ò gba ilẹ̀. Gbogbo ọmọ àgbàdo inú páálí rọ, wọ́n sùn kalẹ̀, wọ́n ti jinná. Mo jáde sí ojúde, mo figbe ta, mo ń bá bàbá rẹ jà, mo ní kí ló dé, mo ní àgbàdo bàbá ẹ náà lo sè yìí o, ìwọ ọkùnrin yìí! Igbe yẹn ló gbé olórí abúlé wá. Ó wọlé, ó wo aago náà, ó ní Ìyá Boram, èyí kì í ṣe aago, òun ló ń mú ilẹ̀ gbóná, Boram ló ń tẹ̀ ẹ́ láti Seoul. Ó ní inú fóònù rẹ ló wà, pé bí wọ́n bá ti sọ lórí tẹlifíṣàn pé òtútù ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, o máa ń tẹ̀ ẹ́ kí òtútù má bàa mú mi. Mo ní ṣé fóònù náà lè lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó kúrò lóko mi. Ó ní rárá. Mo ní kó máa lọ.

Mo sunkún, Boram. Kì í ṣe torí àgbàdo. Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá rẹ ò wá o. Kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ife ọtí náà ni mo lọ gbé padà sẹ́yìn ìkòkò ẹ̀fọ́ kíkan kimchi, ibẹ̀ ni mo ti rí páálí mílíìkì kéékèèké tó tò jọ, ihò wà ní ìdí wọn, erùpẹ̀ ọdún tó kọjá ṣì gbẹ mọ́ wọn nínú. Òun nìyí! Ọkùnrin tí mílíìkì máa ń dà nínú rú, tó ń mu ún ní gbogbo ìgbà òtútù, tó ń sá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé egungun ló ń wá lọ́jọ́ ogbó. Àṣé páálí rẹ̀ ló ń wá. Kò sọ fún mi. Èmi náà ò bi í.

Hóró tó kù lórí odindi àgbàdo náà ni àwọn wẹ́wẹ́ tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, àwọn tí a kì í gbìn. Mo ti gbìn wọ́n sínú páálí mílíìkì. Bí èyí bá kú, ó parí.

Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra mílíìkì, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún títí di ọdún tó ń bọ̀. Inú àpòòwé ni kí o fi sí, má gbé e gba báńkì, torí èyí tí ọmọbìnrin ibẹ̀ kó fún mi nígbà yẹn kì í ṣe owó tìrẹ, kò ní òórùn rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má dà ọ́, kí ọ̀gá rẹ máa rẹ́rìn-ín sí ọ, kí o rí ilé tó fẹ̀ tí ìyá lè sùn sí, kí ọ̀nà rẹ máa tú gbọrọ bí ìdì tíṣù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn.

Ohun kan ló kù. Má tẹ aago yẹn torí ohun tí tẹlifíṣàn sọ mọ́. Ìdájí ni kí o máa tẹ̀ ẹ́, lásìkò tí bàbá rẹ máa ń dìde, kí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni ti igi kan ṣoṣo sí iná. Má pè mí kí o tó tẹ̀ ẹ́, má sì pè mí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n máa kọ́kọ́ sùn lórí rẹ̀ díẹ̀ ná, bí ẹni tí kò mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.