Ọkọ Mi Ń Fi Adìẹ Mi Ṣe Àlejò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, Mayfair nílé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé.

Adìẹ márùn-ún tó ń yé ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé. Pákó, nẹ́ẹ̀tì, páànù, títí dórí oúnjẹ wọn tó ń gbówó lórí, èmi ni. Ọkọ mi ò kan ìṣó kan! Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá ti dé láti Ìpetumodù, ọ̀bẹ ló ń mú. “Ṣé ẹja ni n ó fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi lálejò?” Èyí tó pa gbẹ̀yìn, ẹyin ṣì wà nínú rẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n tún ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti fi àgádágodo sílé adìẹ, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ níbàdí mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi? Bí mo bá tiẹ̀ jẹ̀bi, n ò ní ṣí i!