Obìnrin Etí Odò Ti Wà Lọ́dọ̀ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Láti ìgbà tí a ti sin yín, gbogbo Sátidé ni mo fi ń wa ọkọ̀ kiri lórí títì Beltway nílùú òyìnbó níbí, tí mò ń kó àwọn àwòrán tí ẹ ń tà jọ láti ilé onílé.

Mùsíọ́mù tí ẹ kọ̀wé sí títí ẹ fi dákẹ́ ti dáhùn. Wọ́n fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán wa tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà òyìnbó ya ayé tiwa, àwọn tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wọn kiri ní Yábàá nígbà tí àwọn èèyàn ń bi yín pé ṣé ẹ ò kúkú ní máa ta àga. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Kí ló dé tí wọn ò lè dáhùn nígbà tí ẹ ṣì wà láyé? Wọ́n wá ní àwòrán Obìnrin Etí Odò, èyí tí ẹ kọ́kọ́ rà, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láìsí i, kò sí ìpàtẹ.

Bàbá, ta ló ń ṣòwò báyìí? Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ òwò ni pé kí ọjà wà níbi tí èèyàn ti lè tètè rí i. Ẹ̀yin, ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wa nílé ní Greenbelt, ẹ ó fi àwòrán kan há a lọ́wọ́. Ẹ ó ní kó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kó máa bá a gbé ná, bó bá wù ú tán, á rà á. Ìwọ̀nba ló rà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Oxon Hill gbé tiẹ̀ kọ́ sí ìdí sítóòfù, òórùn ẹja díndín ṣì wà lára férémù rẹ̀ di báyìí. Ó dá a padà ṣá. Gbogbo àwọn tí kò rà ló dá a padà, àfi Ìyá Kúdí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Obìnrin Etí Odò wà.

Ẹ mọ̀ ọ́n, opó tó ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní Beltsville, tí ẹ jọ ń kírun. Mo dé ilé rẹ̀, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ níta láìpa á, mo wọlé. Ó dúró síwájú àwòrán náà gbọnin.

“Lọ pa mọ́tò yẹn. Ṣé ọlọ́pàá ló ń lé ẹ ni?”

“Ìyá, àwọn mùsíọ́mù ń retí mi.”

“Èmi náà ń retí. Gbogbo Jímọ̀ ni bàbá ẹ máa ń pè mí lẹ́yìn ìrun, á ní, Ìyá Kúdí, kí lẹ rí lára rẹ̀ lónìí? Màá sì sọ fún un. Láti ìgbà tó ti lọ, ta ló pè mí?”

“Ṣùgbọ́n àwòrán bàbá mi ni.”

“Ta ló bá ẹ jiyàn? Jókòó, kí o jẹun.”

Mo jẹun, mo sì padà lófo. Mo tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, ìrẹsì ni mo tún jẹ bọ̀. Mùsíọ́mù ń pè, mò ń parọ́ fún wọn pé mo ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó sú mi. Ní Jímọ̀ kan, mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ọ́fíìsì mi, mo pè é lórí fóònù.

“Ìyá Kúdí, kí lẹ rí lónìí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ohùn ẹ ti le jù! Bíi ti àwọn tó ń pè nítorí gbèsè báńkì.” Ó wá sọ fún mi pé odò inú àwòrán náà jọ ibi tí òun ti máa ń fọṣọ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù. Mi ò dá a dúró. Nígbà tó parí, ó ní kí n máa bọ̀ wá gbé e.

Ìborùn rẹ̀ ló fi wé e fún mi. Mo ṣèlérí pé màá mú un lọ wo ìpàtẹ náà, pé àwòrán náà yóò sì padà sára ògiri rẹ̀ tí ìpàtẹ náà bá parí. Mùsíọ́mù ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìpàtẹ yín yóò wáyé, Bàbá.

Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ pe Ìyá Kúdí. Èmi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà, ẹ ò bi mí rí pé kí ni mo rí. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní dúró wò ó ni?

Àwòrán náà wà lórí àga ìjẹun báyìí, àárọ̀ Sọ́ńdè ni. Ọ̀la ni àwọn mùsíọ́mù ń bọ̀ wá gbé e. Mo ti pa fóònù. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣí fìlà kí ẹ tó wo àwòrán, ni èmi náà bá ṣí tèmi. Láti kékeré ni mo ti mọ obìnrin yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹrù rẹ̀ létí odò, èrò mi sì ni pé ó fẹ́ gbé e ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ti tú sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ ni.

Ohun tí mo rí lónìí nìyẹn.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
mo ṣì jókòó síbí, mi ò tíì fẹ́ dìde.