Ẹ Jẹ́ Kí A Gbé Ọkọ̀ Yín Sókè

Ẹ̀gbọ́n mi Dúrótoyè,

Èmi Ayọ̀ọlá, àbúrò yín, ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí lórúkọ Ìyá wa, ìyàwó yín àti àwọn ọmọ yín méjèèjì. Gbogbo wa ní Agblangandan ń kí yín. Ara Ìyá ti yá. Orúnkún nìkan ló kù.

Ọkọ̀ tí ẹ gé sípíríǹgì rẹ̀ kúrú kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún wa ló mú mi kọ̀wé. Ó ń jẹ táyà ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ inú, wáyà inú táyà sì ti yọ síta. Mẹkáníìkì wọn bí ẹsẹ̀ táyà ṣe dúró nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, kò rí àléébù. Mo ní kí àwa máràárùn-ún wọlé jókòó, kí ó tún un wọ̀n.

Ìyá rẹ́rìn-ín: "Ṣé èmi náà ni ẹ fẹ́ wọ̀n bí àgbàdo?"

"Màmá, ẹ̀yin gan-an ni."

Bí a ti jókòó, orí táyà ẹ̀yìn méjèèjì fì sínú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹrù rẹ̀ kò wúwo tó báyìí.

Mo ti fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ ra táyà tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda kí a fi sípíríǹgì gígùn bíi ti àtijọ́ sí i, kí a sì mú ẹsẹ̀ táyà tọ́ nígbà tí gbogbo wa bá jókòó sínú ọkọ̀. Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ yín. Ọjọ́ Àìkú ni ìdúpẹ́ Ìyá ní Pobè, nítorí náà a ń retí èsì yín kí Ọjọ́bọ̀ tó parí. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, Ìyá ní òun yóò gun zémìjàn, ọ̀kadà ibí, lọ.